Ìtàn Ìgbésí Ayé T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n gbé orin ìjọ ga ní ilẹ̀ Yorùbá, a kò lè ṣe aláìdárúkọ Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips. Ọdún 1884 ni a bí i. Ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School ní Èkó ni ó lọ. Ìbátan rẹ̀ kan tí ó jẹ́ àlùfáà ni ó kọ́kọ́ fi dùùrù títẹ̀ hàn án. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 18, a fi í ṣe atẹdùùrù ní ìjọ St. Paul's, Breadfruit, ní Èkó. Ọdún 9 ni ó lò níbẹ̀.

Síbẹ̀, ìmọ̀ tí ó ní kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ọdún 1911, ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin Trinity College. Ó padà dé ní ọdún 1914, ó sì di atẹdùùrù àti ọ̀gá àwọn akọrin ní Kàtídírà Christ Church, Èkó. Ó wà nípò yìí títí di ọdún 1962, nígbà tí ọmọ rẹ̀, Ọbáyọ̀mí, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohùn orin òyìnbó ni àwọn ìjọ fi ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, láti Èkó títí dé Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní Àkókó. Bẹ́ẹ̀ sì ni èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀, ọkọ̀ lè di ọkọ́, ìtumọ̀ yóò sì dàrú. Nítorí náà, Phillips bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ó tún fara balẹ̀ wádìí orin ìbílẹ̀ wa, ó sì kọ ìwé kan tí a pè ní Yoruba Music, èyí tí ó jáde ní ọdún 1953.

Fẹlá Ṣówándé, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, wà lára àwọn tí ó kọ́. Ní ọdún 1964, Yunifásítì Nsukka fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ọdún 1969 ni ó kú.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni ìgbésí ayé ọkùnrin yìí jẹ́ fún àwa ọ̀dọ́. Ó kọ́ ọgbọ́n àjèjì dé ojú àmì, ṣùgbọ́n kò torí rẹ̀ fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.