Ó Fi Ìjọ Mẹ́ta Sílẹ̀, Kò Fi Ìlú Sílẹ̀: Ìtàn Ayé Olúbàdàn Isaac Babalọlá Akínyẹlé

 

Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí WhatsApp wa lóṣù tó kọjá. Ọ̀rọ̀ kékeré ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹnì kan ní ọmọ òun ti fi ìjọ tí wọ́n bí i sí sílẹ̀, ó ní kí a bá òun bá a wí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn kan ti ń bú ara wọn, àwọn méjì ti jáde kúrò nínú gúrúùpù, owó ìlà omi tí a ń dá sì dúró gbagidi. Àwọn alàgbà ti bá wa parí ẹ̀, n kò fẹ́ tú u padà. Ṣùgbọ́n ó rán mi létí bàbá kan tí gbogbo wa mọ orúkọ ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ ò mọ ìtàn ẹ̀ dáadáa. Olúbàdàn ni bàbá yìí. Ìjọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀ láyé ẹ̀, orí ohun tó gbà gbọ́ ló sì wà.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin ọdún 1882 ni wọ́n bí Isaac Babalọlá Akínyẹlé níbí ní Ìbàdàn. Bàbá ẹ̀, Josiah Akínyẹlé, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Kristi nílùú yìí, lẹ́yìn tí àwọn míṣọ́nnárì C.M.S., David Hinderer àti ìyàwó ẹ̀, ti dé síbí láàrin àwọn ọdún 1850. Nítorí náà, inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n bí Isaac sí. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Alexander Babátúndé Akínyẹlé, dàgbà sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ ẹ̀gbọ́n yìí, a ṣì máa padà síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ eléyìí. Ní ọdún 1911, nígbà tí Isaac ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní èdè Yorùbá. Nígbà yẹn, àwọn arúgbó tó fojú ara wọn rí ogun ṣì wà láàyè. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan nípa Ìbàdàn, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìwé yẹn kó tó lọ síbòmíì. Nígbà tó di ọdún 1914, àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú dá Ẹgbẹ́ Àgbà-ò-tán sílẹ̀ kí ìtàn àti àṣà wa má bàa sọnù. Àwọn ọmọ Akínyẹlé wà níbẹ̀. Ká tó wá sọ̀rọ̀ ìjọ rárá, ẹ jẹ́ kó yé wa pé ẹni tó fẹ́ràn ilé ni bàbá yìí látìgbà èwe.

Ó dáa, báwo ló ṣe di pé ó kúrò ní Áńgílíkà?

Ní ọdún 1918, àrùn kan tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú jà káàkiri ayé. Ó pa èèyàn rẹpẹtẹ nílẹ̀ wa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti gbàdúrà. Joseph Ṣàdáre wà lára àwọn olórí wọn. Nígbà tó yá, David Odùbánjọ tó wà ní Èkó rí ìwé ìròyìn ìjọ Amẹ́ríkà kan, Faith Tabernacle ti Philadelphia, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà síra wọn. Ẹ̀kọ́ ìjọ yẹn le. Wọn kì í ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́. Wọn ò gbà kí onígbàgbọ́ lo oògùn kankan, ì báà ṣe ti òyìnbó, ì báà ṣe àgbo. Àdúrà nìkan ni. Àwọn aláṣẹ Áńgílíkà ò gba irú ẹ̀kọ́ yìí láyè, ni àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde yẹn bá jáde.

Nínú àwọn ọdún 1920 ni Isaac Akínyẹlé darapọ̀ mọ́ wọn, ó sì di olórí wọn níbí ní Ìbàdàn. Ẹ fojú inú wò ó ná. Ọmọ Josiah Akínyẹlé, àbúrò àlùfáà, ló fi ìjọ bàbá ẹ̀ sílẹ̀ lọ bá ìjọ tí èèyàn ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Faith Tabernacle náà ò tọ́jọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìwé ni wọ́n fi ń bára wọn ṣe, kì í ṣe ojú lójú. Nígbà tó yá, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn olórí ìjọ náà ní Philadelphia. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Faith Tabernacle ò fara mọ́ kí èèyàn máa fi èdè àjèjì sọ̀rọ̀ nínú Ẹ̀mí. Àwọn kan nínú àwọn tiwa sì ti ń ka Bíbélì fúnra wọn, wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló dé tí ohun tó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì á fi di èèwọ̀. Bí àwọn tibí ṣe já okùn nìyẹn. Ìgbà kejì nìyẹn.

Kò pẹ́ ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oyè, ní Iléṣà, ní oṣù keje ọdún 1930. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ló ṣáájú ẹ̀, ẹni tó ti ń wa ẹ̀rọ kátákátá tí wọ́n fi ń ṣe títì kó tó gbọ́ ìpè ní 1928. Ẹ má ṣe rò pé ẹbí Akínyẹlé ni o, orúkọ ló papọ̀. Èrò ya lọ síbẹ̀ bí omi. Ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í fura, àwọn ìjọ àgbà náà sì ń kùn. Ní 1932, wọ́n ju Babalọlá sẹ́wọ̀n. Àwọn olórí ìsọjí rí i pé àwọn nílò ìjọ tí ìjọba mọ̀ tí yóò dúró lẹ́yìn àwọn. Ìjọ Apostolic, ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n kọ̀wé sí. Ní 1931, aṣojú mẹ́ta wá láti ibẹ̀. Ní 1932, George Perfect àti Idris Vaughan wá láti bá wọn gbé. Isaac Akínyẹlé wà lára àwọn tó bá wọn da ọwọ́ pọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá gbé le nìyí.

Àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì ń lo kuníìnì nítorí ibà. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ò ní bá wọn wí. Ibà ti pa àwọn òyìnbó púpọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Lójú tiwọn, gbígbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń wo aláìsàn sàn ò ní kí èèyàn má dáàbò bo ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú Akínyẹlé, Odùbánjọ àti Babalọlá, ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fi ìjọ bàbá wọn sílẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn ọmọ ìjọ wọn ti da àgbo nù, wọ́n ti kọ ilé ìwòsàn sílẹ̀. Wọ́n wá ń béèrè bí ẹni tó ń gbé kuníìnì mì láàárọ̀ ṣe lè gorí àga ìwàásù lálẹ́, kó máa kọ́ni pé Ọlọ́run nìkan ni oníṣègùn. Yàtọ̀ sí ti oògùn, ìbéèrè míì tún wà lábẹ́ ẹ̀: ta ló ni ìjọ yìí? Ṣé àwọn òyìnbó tó dé ní àná ni, àbí àwọn tó ti wà níbẹ̀ látìgbà lúkúlúkú?

Ọ̀rọ̀ náà fà á títí. Láàrin 1939 sí 1941, ìjọ pín. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan dúró ti àwọn míṣọ́nnárì, ìjọ Apostolic ṣì wà pẹ̀lú wa títí dòní. Àwọn yòókù jáde. Wọ́n yí orúkọ padà títí wọ́n fi dé orí Christ Apostolic Church, tí ìjọba forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní 1943. Akínyẹlé ni Ààrẹ àkọ́kọ́. Odùbánjọ jẹ́ alábòójútó àgbà, Babalọlá sì jẹ́ ajíhìnrere àgbà. Ìgbà kẹta nìyẹn. Ẹni tó kúrò lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọdé mọ́, ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Isaac Akínyẹlé ò yẹra fún ìlú. Ẹ̀yin náà mọ bí oyè Ìbàdàn ṣe rí: àtẹ̀gùn ni, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lèèyàn ń gbé, a kì í fò ó. Bàbá yìí gùn ún láàrin àwọn ìjòyè tó jẹ́ Mùsùlùmí, tó jẹ́ oníṣẹ̀ṣe, tó jẹ́ ọmọ ìjọ tó fi sílẹ̀. Ó ń bá wọn jókòó ìgbìmọ̀, ó ń bá wọn dá ẹjọ́ ìlú. Nígbà tí àtẹ̀gùn dé òkè, ní ọdún 1955, ó jẹ Olúbàdàn lẹ́yìn Ọba Igbíntádé Àpẹtẹ. Ó wà lórí oyè, ó ṣì jẹ́ Ààrẹ ìjọ ẹ̀, títí tó fi wàjà ní oṣù karùn-ún ọdún 1964, lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Mùsùlùmí, Ọba Yésúfù Kobìowú, ló jẹ tẹ̀ lé e, bí àtẹ̀gùn ṣe wí.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Alexander Babátúndé Akínyẹlé ò kúrò ní Áńgílíkà. Òun ló dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913. Ní 1952, nígbà tí wọ́n dá àgbègbè bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn sílẹ̀, òun ni Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Ẹ bá mi wò ó: láàrin àwọn ọdún 1950 yẹn, ẹ̀gbọ́n ni Bíṣọ́ọ̀bù ìjọ tí àbúrò jáde kúrò nínú ẹ̀, àbúrò ni Olúbàdàn àti olórí ìjọ tí ẹ̀gbọ́n ò lè bá a lọ. Ọmọ bàbá kan náà, ìlú kan náà. Ọ̀rọ̀ oògùn àti ìrìbọmi tí wọn ò jọ gbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Síbẹ̀, ìwé tí àbúrò kọ àti ilé ìwé tí ẹ̀gbọ́n dá, Ìbàdàn ló jogún méjèèjì.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan fún yín kí n tó dákẹ́, torí bí mi ò bá sọ ọ́, á dà bíi pé mò ń fi bàbá yìí polówó.

Èmi náà ti fi ìjọ kan sílẹ̀, nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. Ìjọ tó le ni, wọn ò gba oògùn. Ibà dá mi wólẹ̀, mi ò lè dìde, àwọn tá a jọ ń gbé yàrá ló gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti fún mi lábẹ́rẹ́. Nígbà tí ara mi yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè. Wọn ò dá mi lóhùn, wọ́n ní kí n lọ ronú pìwà dà. Mo jáde. Ó tó oṣù mẹ́fà tí màmá mi ò fi gbé ìpè mi. Ẹ̀yin tó ti kan rí, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí lálẹ́.

Ẹ wá wo nǹkan. Olúbàdàn Akínyẹlé jáde torí pé wọ́n ń lo oògùn. Èmi jáde torí pé wọn ò lò ó. Ká ní a bá ara wa pàdé, bàbá ò ní gbà fún mi, èmi náà ò sì ní gbà fún bàbá lórí ìyẹn. Mo gbà pé ẹni tó ń ṣàìsàn gbọ́dọ̀ lọ sí ọsibítù, kó tún gbàdúrà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo kọ́ lára bàbá yìí tí ẹ̀kọ́ oògùn ò lè gbà lọ́wọ́ mi. Kò dúró síbi tí ọkàn ẹ̀ ò sí, kó wá máa ṣe bíi pé ó gbà. Nígbà tó sì jáde, kò sọ ilé ẹ̀ di ibi tí kò ní padà sí mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí wa, bí ọmọ bá ní òun ò lè bá yín lọ sí ìjọ yẹn mọ́, ẹ bá a jà bó bá kan ìjà, ẹ bá a ṣàlàyé, ẹ bá a gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìpè ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, bẹ́ ẹ bá jáde, ẹ má fi èébú jáde, ẹ má sì fi iṣẹ́ ìlú sílẹ̀ torí ẹ. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ọjà kan náà ni gbogbo wa jọ ń ná.

Ẹ̀yin méjèèjì tẹ́ ẹ jáde nínú gúrúùpù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wọlé. Owó ìlà omi ò tíì pé, omi náà ò ní béèrè ìjọ tí ẹnikẹ́ni ń lọ kó tó sun.

Ẹni tó bá ní fọ́tò àtijọ́ ti ìgbà Ọba Akínyẹlé nílé, kó jọ̀ọ́ yà á, kó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ọ̀dọ́. A fẹ́ kó wọn jọ kí wọ́n tó ṣègbé.

Ire o. Àjọṣe wa ò ní bàjẹ́.

Olùdarí Ẹ̀ka Ọ̀dọ́