Olóyè Adékúnlé Ajásin àti Ààlà Agbára Ààrẹ

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń jiyàn nípa agbára Ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí, Èkó àti Àbújá ni ọkàn wọn sábà máa ń lọ. Ní tiwa, Ọ̀wọ̀ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Ìlú náà ni a ti bí Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1908. Kò jẹ ààrẹ rí, kò sì du ipò náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti ọdún 1979 títí di ìparí ọdún 1983, òun wà lára àwọn tí wọ́n dúró ní ojú ààlà tí òfin pa fún ààrẹ, tí wọ́n kọ̀ kí a sún ààlà náà.

Olùkọ́ ni, kí ó tó di ohunkóhun mìíràn. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, láti 1924 sí 1927. Ó lọ sí Fourah Bay ní Sàró ní 1943, ó gba oyè ní 1946, ó sì tún kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀kọ́ kíkọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1947 ni ó padà wá di ọ̀gá Imade College ní Ọ̀wọ̀. Àwọn ọmọ Ìfọ̀n, Ìdó-Àní àti Ìpele tí wọ́n fẹ́ kàwé nígbà náà mọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí ó wà nítòsí túmọ̀ sí. Òun ni ó kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ gbé yẹ̀ wò tí wọ́n sì tẹ́wọ́ gbà, èyí tí ó di ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Gbogbo ayé ni ó mọ orúkọ Olóyè Awólọ́wọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọwọ́ olùkọ́ kan ni ìwé náà ti jáde.

Láti 1954 títí tí àwọn ológun fi gba ìjọba ní 1966, ó jókòó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Èkó. Ibẹ̀ ni ó ti rí irú ààrẹ kìn-ín-ní tí ilẹ̀ yìí ní. Dókítà Nnamdi Azikiwe ni ààrẹ láti 1963, ṣùgbọ́n ọwọ́ Olórí Ìjọba, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, ni agbára wà. Nígbà tí ìbò ìparí ọdún 1964 dàrú, tí ààrẹ kò fẹ́ pe Balewa kí ó tún dá ìjọba sílẹ̀, a ti fi yé àwọn ọ̀gá ológun pé Olórí Ìjọba ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí lẹ́nu. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ààrẹ gbà. Ó ní adé, kò ní àṣẹ.

Ìwé Òfin ọdún 1979 wá yí èyí padà pátápátá, bóyá ó tilẹ̀ yí i kọjá bí ó ti yẹ. Ó fi adé àti àṣẹ sí orí ẹnì kan ṣoṣo: ààrẹ ni olórí orílẹ̀-èdè, òun ni olórí ìjọba, òun náà sì ni ọ̀gá àgbà gbogbo ọmọ ogun. Òfin kan náà sì so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Àwọn aṣòfin àgbà ni yóò fọwọ́ sí àwọn mínísítà rẹ̀. Bí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin, ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta àwọn aṣòfin lè sọ ọ́ di òfin láìka tirẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá mọ bí Ọlọ́wọ̀ ti ń bá àwọn ìjòyè rẹ̀ gbìmọ̀ kò ní rí nǹkan àjèjì nínú èyí.

Alhaji Shehu Shagari ni ó wọlé. Awuyewuye bẹ́ sílẹ̀ lórí ohun tí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 jẹ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì dá ẹjọ́ náà fún un ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1979. Ẹgbẹ́ UPN ti Ajásin ni ó pàdánù, ṣùgbọ́n ó búra gẹ́gẹ́ bí gómìnà lábẹ́ òfin kan náà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá.

Kò pẹ́ tí ìjà fi dé. Ààrẹ yan àwọn aṣojú tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa bójú tó iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀. Lójú ẹni tí kò fara balẹ̀, ohun kékeré ni. Ajásin àti àwọn gómìnà UPN yòókù kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibo ni Ìwé Òfin ti dá irú oyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Bí gómìnà tí àwọn ènìyàn dìbò yàn bá wà ní Àkúrẹ́, tí ẹlòmíràn sì tún wà níbẹ̀ tí ó ń jíṣẹ́ fún ààrẹ, ta ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yóò máa wojú rẹ̀? Wọ́n kọ̀ láti ka àwọn aṣojú náà sí. Ajásin, ẹni ọdún 71, ni àgbà láàrin àwọn gómìnà UPN, GNPP àti PRP tí wọ́n ń pàdé láti gbèrò pọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.

Ilé ẹjọ́ náà kò sùn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1980, ìjọba àpapọ̀ kó Alhaji Shugaba Darman, olórí àwọn aṣòfin tí ó pọ̀ jù ní Borno, ó sì gbé e sọ sí ilẹ̀ Chad pé kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Ilé ẹjọ́ ní kò tọ́, ó sì ní kí a san owó ìtanràn fún un. Ní 1981, Ìpínlẹ̀ Bendel, tí ó bá Ìfọ̀n àti Òkèlùsè pààlà, gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé ẹjọ́ lórí òfin pínpín owó tí ààrẹ ti fọwọ́ sí láìjẹ́ pé ilé aṣòfin méjèèjì parí iṣẹ́ lórí rẹ̀; Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé òfin náà.

Ibi tí okùn náà ti já ni ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Òfin ọdún 1979 sọ pé gómìnà lè pàṣẹ fún kọmíṣánnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ rẹ̀ nítorí ààbò ìlú, ṣùgbọ́n kọmíṣánnà náà lè ní kí a kọ́kọ́ bi ààrẹ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1983 ni gbogbo Ìpínlẹ̀ Oǹdó wá mọ ìtumọ̀ gbólóhùn kékeré yìí. Akin Ọmọ́bóríowó, igbákejì Ajásin tí ó ti fi í sílẹ̀ bọ́ sínú ẹgbẹ́ NPN ti ààrẹ, ni àjọ FEDECO kéde pé ó wọlé. Ìlú gbiná. Wọ́n sun ilé, wọ́n sì pa ènìyàn. A kò ní ṣàì dárúkọ Olóyè Ọláìyá Fágbàmígbé, tí ó ń tẹ ìwé Yorùbá ní Àkúrẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ NPN, tí àwọn jàǹdùkú pa. Ẹjẹ̀ rẹ̀ kò fi kún ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Gómìnà tí a yàn kò ní ọlọ́pàá kan tí ó lè pè ní tirẹ̀ láti fi pa iná náà.

Ilé ẹjọ́ ni ó parí rẹ̀: ó dá ipò padà fún Ajásin. Oṣù mẹ́ta péré ni ó lò nínú sáà kejì kí àwọn ológun tó dé ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì fi í sí iwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ tiwọn pẹ̀lú Bọ́lá Ìgè àti Bísí Ọnàbánjọ. Ìgbìmọ̀ náà dá a láre, síbẹ̀ wọn kò tú u sílẹ̀ títí di 1985. Ẹ kíyè sí i: ìjọba tí kò ní ìwé òfin tí ó lè dè é kò ka ìdájọ́ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé àwọn adájọ́ náà kalẹ̀.

Àgbà náà ì bá ti sinmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ológun fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993 tí Olóyè Abíọ́lá borí, Ajásin, tí ó ti di olórí Afẹ́nifẹ́re, ni wọ́n fi ṣe alága ẹgbẹ́ NADECO ní 1994, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 85. Ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1997, nígbà tí Abacha ṣì wà lórí àga tí Abíọ́lá sì wà ní àhámọ́. Yunifásítì tí ó wà ní Àkùngbá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn apànìyàn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, tí bí ogójì ènìyàn kú, ọmọ Ọ̀wọ̀ mìíràn, Rótìmí Akérédolú, ni gómìnà. Òun àti àwọn gómìnà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ sì ti kọ́kọ́ sọ pé kò bófin mu. Akérédolú bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí Àmọ̀tẹ́kùn gbé ìbọn tí ó bá ti àwọn apànìyàn mu. Ní ọdún náà, gbólóhùn tí ó fi Ajásin sílẹ̀ láìní ọlọ́pàá ní 1983 ṣì wà nínú abala 215 Ìwé Òfin ọdún 1999, bí a ti kọ ọ́ ní 1979.