Jule Charney, Ọkùnrin Tí Ó Wá Ìdí Òjò

Ní Adja-Ouèrè, ní Ikpinlè àti ní Massè, gbogbo àgbẹ̀ mọ̀ pé òjò ni ọ̀gá iṣẹ́ oko. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá pẹ́, àgbàdo yóò gbẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa béèrè bóyá igbó tí a gé ni ó lé òjò lọ. Ọkùnrin kan fi kọ̀ǹpútà wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí. Ìtàn rẹ̀ nìyí.

A bí Jule Charney ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1917, ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni wọ́n ń ṣe. Charney fẹ́ràn ìṣirò. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1946.

Ní ọdún 1950, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ ENIAC láti mọ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí. Kọ̀ǹpútà náà kún yàrá ńlá kan. Ìṣirò ojú ọjọ́ wákàtí 24 gbà wọ́n tó wákàtí 24. Kí wọ́n tó parí rẹ̀, ọ̀la tí wọ́n ń wò ti dé! Síbẹ̀, ọ̀nà ti là. Láti ọdún 1956, Charney di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Sahel, ní àríwá wa. Koríko gbẹ, màlúù kú. Ìyàn mú púpọ̀ ní ọdún 1972 àti 1973. Charney fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ tí ewéko ti tán lórí rẹ̀ lè lé òjò.

A kò lè dán èyí wò lórí ilẹ̀ tòótọ́. Bí a bá pa ewéko ilẹ̀ kan run láti wò ó, ta ni yóò dá a padà? Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Wọ́n pín ayé sí wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí a bá pín oko. Wọ́n fi nọ́ńbà sọ bí ooru, atẹ́gùn, ọ̀rinrin àti àwọ̀ ilẹ̀ ti rí ní ibì kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà wá ń ṣírò bí ọ̀kan ti ń kan èkejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe é: ewéko wà lórí ilẹ̀ ní ìgbà kìn-ín-ní, ní ìgbà kejì, ilẹ̀ wà ní ìhòòhò.

Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1975. Nínú kọ̀ǹpútà, òjò Sahel dín kù ní nǹkan bí ìpín 40 nínú 100. Ilẹ̀ ìhòòhò lè jó wa lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń da ìmọ́lẹ̀ oòrùn púpọ̀ padà sókè. Ooru tí ó kù kò tó láti gbé afẹ́fẹ́ gòkè. Bí afẹ́fẹ́ kò bá gòkè, òjò kò lè ṣú.

Charney kú ní Boston ní oṣù kẹfà ọdún 1981. Àwọn tí ó tẹ̀lé e rí i pé ooru omi òkun ni ó fa ọ̀dá náà jù. Ìhòòhò ilẹ̀ mú un le sí i ni. Ìdáhùn Charney kò pé, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò kú. Ní ọdún 1998, Xinyu Zheng àti Elfatih Eltahir, ní MIT kan náà, fi kọ̀ǹpútà wo igbó ìhà etí òkun wa. Gbòǹgbò igi ń fa omi láti inú ilẹ̀, ewé ń tú u sí afẹ́fẹ́, ó sì tún ń di òjò. Wọ́n rí i pé bí igbó yìí bá run, atẹ́gùn tí ń gbé òjò wá láti òkun lè rẹ̀ gidigidi.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Igi kan tí àgbẹ̀ kan bẹ́ kò lè dá òjò dúró, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ pọ̀ láti Adja-Ouèrè dé Pobè àti Kétou. Bí a bá ń ṣán oko, ẹ jẹ́ kí a dá igi díẹ̀ sí, kí a sì gbin òmíràn.

Ìbéèrè
1. Èé ṣe tí Charney fi lo kọ̀ǹpútà?
2. Kí ni àwọn tí ó tẹ̀lé e rí?
3. Igi wo ni ó ṣẹ́ kù nínú oko yín?