Gerhard Armauer Hansen

Gerhard Henrik Armauer Hansen (29 oṣù Keje ọdún 1841 – 12 oṣù Kejì ọdún 1912) jẹ́ oníṣègùn ọmọ orílẹ̀-èdè Nọ́rwèy tí ó ṣàwárí kòkòrò tí ó ń fa ẹ̀tẹ̀. Òun ni a fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ̀tẹ̀ ní àrùn Hansen. Wọ́n tún mọ̀ ọ́n nítorí ẹjọ́ tí wọ́n dá a lẹ́bi ní ọdún 1880, nígbà tí ó fi aláìsàn kan ṣe ìdánwò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Ìlú Bergen ni wọ́n bí Hansen sí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní yunifásítì ìlú Christiania, tí à ń pè ní Oslo lónìí, ó sì gboyè ní ọdún 1866. Ní ọdún 1868, ó padà sí Bergen láti máa tọ́jú àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀ lábẹ́ Daniel Cornelius Danielssen, tí ó di àna rẹ̀ ní ọdún 1873.

Ìwádìí lórí ẹ̀tẹ̀

Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ oníṣègùn, títí kan Danielssen, gbà pé ńṣe ni ènìyàn ń jogún ẹ̀tẹ̀. Hansen ní tirẹ̀ gbà pé àrùn tí ó ń ràn ni. Ní ọdún 1873, ó rí àwọn kòkòrò tí ó dà bí ọ̀pá tín-ín-rín nínú kókó tí ó yọ sí ara àwọn aláìsàn. Ó kọ èyí jáde ní ọdún 1874, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì pé: kò rí kòkòrò náà mú dàgbà lẹ́yìn ara ènìyàn, kò sì rí i kó ran ẹranko.

Ìdánwò àti ẹjọ́

Ṣáájú èyí, Danielssen ti fi ohun tí wọ́n yọ lára alárùn ẹ̀tẹ̀ sí ara òun fúnra rẹ̀, kò sì ṣàìsàn. Ọ̀nà mìíràn ni Hansen gbà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1879, ó fi ọ̀bẹ tí ó ti kan kókó ara aláìsàn kan gún ojú obìnrin kan tí oríṣi ẹ̀tẹ̀ mìíràn ń ṣe, kí ó lè mọ̀ bóyá oríṣi kejì yóò yọ. Kò ṣàlàyé fún obìnrin náà, kò sì bi í bóyá ó fẹ́. Àrùn tuntun kò yọ, ṣùgbọ́n obìnrin náà jẹ̀rora.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ ní Bergen, Hansen jẹ́wọ́ pé òun kò gba àṣẹ, nítorí òun rò pé obìnrin náà kò ní gbà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1880, ilé ẹjọ́ yọ ọ́ kúrò nípò oníṣègùn ilé ìwòsàn náà. Síbẹ̀, ó ṣì jẹ́ olórí oníṣègùn ẹ̀tẹ̀ fún gbogbo Nọ́rwèy títí ó fi kú.

Ìgbẹ̀yìn àti ipa rẹ̀

Hansen kópa nínú òfin ọdún 1877 àti ti 1885 tí ó fàyè gba yíya àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀ sọ́tọ̀. Ní ọdún 1909, òun ni ó ṣe alága ìpàdé àgbáyé kejì lórí ẹ̀tẹ̀, ní Bergen. Ìlú Florø ni ó kú sí.

Àwárí rẹ̀ fìdí múlẹ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ṣùgbọ́n pé ó tọ̀nà nípa àrùn kò sọ ohun tí ó ṣe fún obìnrin náà di ẹ̀tọ́. Ìkéde Helsinki ti ọdún 1964 béèrè pé kí a ṣàlàyé ìwádìí àti ewu rẹ̀ fún ẹni tí a fẹ́ fi ṣe é, kí ẹni náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn bóyá òun yóò kópa.