Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti Orúkọ Tí A Fi Ń Rántí Ènìyàn

Nínú ìwé ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún Ìjọ wa yìí, kò yẹ kí a fo orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther dá. Ní Òṣoògùn ni a gbé bí i ní nǹkan bí ọdún 1809. Ó dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i, nítorí náà ni a ṣe sọ ọ́ ní Àjàyí. Ogun kó o ní ọdún 1821. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun, a sì mú un lọ sí Sàró. Nígbà tí a ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825, ó gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pè é ní ẹrú tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù. Àwa kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tí ogun kó ní baba, ó ní ilé, ó ní oríkì; ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí a sì máa bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní Sàró, àwọn ẹ̀yà mìíràn gbọ́ bí àwọn ènìyàn wa ti ń kí ara wọn, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ilé, wọ́n sì sọ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà àti Ọ̀yọ́ ní Akú lápapọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, Yorùbá ni ó pe èdè náà, orúkọ tí àwọn Haúsá fi ń pe àwọn ará Ọ̀yọ́. Báyìí ni ó ṣe tàn ká, títí ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Èkìtì fi ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀.

Nínú ìtumọ̀ Bíbélì, tí ó parí ní ọdún 1884, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọgbọ́n yá ọ̀rọ̀: àlùfáà, wòlíì àti àdúrà ti wà lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí kí wọ́n tó dé orí àga ìwàásù wa. Ṣùgbọ́n Èṣù ni wọ́n pe ẹni tí ó dán Olúwa wò ní aginjù. Àwọn baba wa tí ń bọ Èṣù kò rò pé ọ̀tá Ọlọ́run ni àwọn ń bọ. Ẹni tí ó bá sì ti inú Bíbélì nìkan mọ̀ wọ́n kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ní ojú tiwa, ìtumọ̀ yìí kò ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn òkú wa.

A fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864. Ó sùn nínú Olúwa ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Ṣáájú èyí, ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, òun àti Afala ìyá rẹ̀ tún pàdé ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Àlùfáà Crowther ni a ń pè é nígbà náà, ṣùgbọ́n Àjàyí ni ìyá rẹ̀ mọ̀. Ní ọdún 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Hánnà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì.