Niels Steensen, Ẹni tí ó Kọ́ Aráyé bí a ti í ka Òkúta

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, olùkọ́ ọ̀la, kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò tí ì gbọ́ orúkọ ẹdùn àrá rí. Láti ìgbà èwe wa ni a ti ń sọ fún wa pé nígbà tí àrá bá sán, òkúta dúdú kan tí ń dán a máa já láti ojú ọ̀run, a sì wọ inú ilẹ̀ lọ, àti pé àwọn oníṢàngó ni ó mọ bí a ti í wú u jáde. Òkúta náà wà lóòótọ́; púpọ̀ nínú wa ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n àwọn amòye tí ń wa ilẹ̀ láti mọ ìtàn ìgbàanì ti fi yé wa pé àáké ni, tí àwọn ènìyàn àtijọ́ fi ọwọ́ ara wọn lọ̀ kí wọ́n tó mọ irin í lò. Ó ti wà nínú ilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí òjò ńlá bá bá àrá rìn, tí ọ̀gbàrá sì wọ́ erùpẹ̀ lọ, àgbẹ̀ a rí i lórí ilẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn baba wa kò purọ́ nípa ohun tí wọ́n rí. Ibi tí ó ti wá ni kò hàn sí wọn.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, fún ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ènìyàn a máa rí òkúta kan tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó nínú àpáta, pàápàá ní erékùṣù Mélítà tí a ń pè ní Malta lónìí. Òkúta ahọ́n ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan ní ojú ọ̀run ni ó ti ń já nígbà tí òṣùpá bá ṣókùnkùn. Àwọn mìíràn ní ahọ́n ejò ni, tí ó di òkúta nígbà tí Pọ́ọ̀lù Mímọ́ fi àwọn ejò erékùṣù náà gégùn-ún, lẹ́yìn tí paramọ́lẹ̀ so mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n a máa fi í kọ́ ọrùn, wọ́n a sì máa lò ó bí ẹ̀rọ̀ májèlé. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ yìí ni ó fi ìdí òkúta náà hàn, tí ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ ṣí ìwé ńlá kan tí ó ti wà ní pípadé láti ìpìlẹ̀ ayé.

Ìlú Copenhagen, olú ìlú ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ni a ti bí Niels Steensen ní oṣù kìíní ọdún 1638. Nicolaus Steno ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é ní èdè Látìnì. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni baba rẹ̀, ọba pàápàá sì ń gbé iṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n èwe ọmọ náà kò dẹrùn. Láti ìgbà tí ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta ni àìsàn ti dè é mọ́ ilé fún bí ọdún mẹ́ta, tí kò fi lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré; ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni ó ń gbọ́. Bí ara rẹ̀ ti ń yá ni baba rẹ̀ kú. Nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́, àjàkálẹ̀ àrùn wọ ìlú, ó sì pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ní ọdún 1656 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, kò sì pẹ́ tí àwọn ọmọ ogun Swídìn fi dó ti ìlú náà. Nínú gbogbo wàhálà wọ̀nyí, Steensen kò fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọdún 1660 ó lọ sí ilẹ̀ Họ́láǹdì. Níbẹ̀, bí ó ti ń la orí àgùntàn kan, ó rí ọ̀nà tóóró kan tí itọ́ ń gbà láti abẹ́ etí wá sí inú ẹnu. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀mọ̀wé ti la orí ẹran ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kíyè sí i. Olùkọ́ tí ó gbà á sí ilé wí pé òun ni ó kọ́kọ́ rí i, ọ̀ràn náà sì di àríyànjiyàn. Síbẹ̀ orúkọ Steensen ni ọ̀nà itọ́ náà ń jẹ́ títí di òní. Lẹ́yìn èyí ó yẹ ọkàn wò. Nígbà náà, àwọn amòye gbà pé inú ọkàn ni orísun ooru ara wà. Steensen fi ọ̀bẹ là á, ó sì fi hàn pé iṣan ni ọkàn, gẹ́gẹ́ bí iṣan itan àti apá ti jẹ́ iṣan. Báyìí ni ìwà rẹ̀: kì í bá ìwé àtijọ́ jà, ṣùgbọ́n kì í gba ohun tí ìwé wí gbọ́ títí ojú rẹ̀ yóò fi tó o.

Ní ọdún 1666 ó dé ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì, ìjòyè ńlá ilẹ̀ náà, Ferdinando Kejì ti ìdílé Medici, sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn apẹja mú ẹja àkurákudà ńláńlá kan ní etí òkun Livorno. Ìjòyè náà pàṣẹ pé kí a gbé orí ẹja náà wá fún Steensen kí ó là á. Nígbà tí ó la ẹnu rẹ̀, ó rí eyín tí ó tò ní ẹsẹẹsẹ bí eyín ayùn, ó sì rántí òkúta ahọ́n. Ó gbé ọ̀kan ti èkejì. Ìrísí kan náà ni, etí kan náà, gbòǹgbò kan náà. Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọmọ Ítálì kan, Fabio Colonna, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1616. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ńlá kan wà nílẹ̀ tí a kò tí ì dáhùn tán: bí ó bá jẹ́ eyín ẹja òkun ni, báwo ni ó ti ṣe dé inú àpáta lórí òkè, níbi tí òkun kò sí?

Àwọn ọ̀mọ̀wé púpọ̀ dáhùn pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń hù wọ́n, bí iṣu ti í ta nínú ebè. Steensen ro ọ̀rọ̀ yìí dáradára. Ó kíyè sí i pé gbòǹgbò igi tí ó bá hù nínú ilẹ̀ líle a máa wọ́, a máa fún pọ̀, a sì máa la ibi tí ó wà. Ṣùgbọ́n àwọn eyín àti ìkarahun inú àpáta kò wọ́, wọn kò sì la òkúta tí ó yí wọn ká. Nítorí náà, wọn kò hù níbẹ̀. Ilẹ̀ náà rọ̀ nígbà tí ó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí ọmọdé mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá tẹ owó ẹyọ mọ́ amọ̀ tútù, tí amọ̀ náà sì gbẹ, amọ̀ ni yóò gba ìrísí owó ẹyọ, owó ẹyọ kì yóò gba ìrísí amọ̀. Ẹni tí ó bá rí i lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún yóò mọ̀, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, pé owó ẹyọ ni ó kọ́ le, kí amọ̀ tó le. Ohun tí Steensen rí nìyí, gbogbo ẹ̀kọ́ nípa fọ́sìlì sì dúró lé e lórí.

Ní ọdún 1669 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde tí ojú ewé rẹ̀ kò pé 100, lórí bí ohun líle ti í wà nínú ohun líle mìíràn. Nínú rẹ̀ ni ó ti fi yé ni pé ìpele ni àpáta tí ó ní ìkarahun nínú, àti pé ìpele ìsàlẹ̀ ni àgbà ìpele òkè. Àwa tí a mọ bí wọ́n ti ń mọ ògiri alámọ̀ ní Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba kò ní ṣòro láti gba èyí gbọ́. A kì í mọ ipele kejì kí ti ìsàlẹ̀ tó gbẹ. Ó tún wí pé ìpele a máa tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tí omi bá kọ́kọ́ tò ó. Nítorí náà, níbi tí a bá ti rí i tí ó dagun, kí a mọ̀ pé ohun kan ni ó ti mi ilẹ̀ náà lẹ́yìn tí ó ti le tán.

Báwo wá ni ohun ẹlẹ́mìí ti í di òkúta? Nígbà tí ẹja tàbí ìgbín òkun bá kú, tí ó sì rì sí ìsàlẹ̀ omi, ẹran ara rẹ̀ a jẹrà, ṣùgbọ́n eyín, egungun àti ìkarahun kì í tètè jẹrà. Bí ẹrẹ̀ àti yanrìn bá tètè bò ó, tí afẹ́fẹ́ àti àwọn ẹranko kò fi rí i fọwọ́ kàn, a ní ìrètí láti pẹ́. Ìpele mìíràn a gun orí ti àkọ́kọ́, títí ìwúwo wọn yóò fi tẹ ẹrẹ̀ náà di òkúta. Omi tí ń ṣe wọ́ọ́wọ́ nínú ilẹ̀ a máa gbé ohun tí ó ti yọ́ lára òkúta wá, a sì fi í sínú àwọn ihò tíntìntín egungun náà, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi le bí òkúta. Nígbà mìíràn, ìkarahun náà a yọ́ dànù pátápátá, a sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo. Ohun mìíràn a wá kún àyè náà, a sì gba ìrísí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń da idẹ nílẹ̀ wa ti í fi amọ̀ bo ìda, tí wọn í yọ́ ìda náà jáde, tí wọn í sì da idẹ sí àyè rẹ̀. Ìdí nìyí tí fọ́sìlì fi ṣọ̀wọ́n: nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ohun tí ó ti kú, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ilẹ̀ pa mọ́.

A kò gbọdọ̀ sọ pé Steensen kò ṣìnà rárá. Ó gbìyànjú láti fi gbogbo ìtàn ilẹ̀ sí inú ẹgbẹ̀rún ọdún díẹ̀, ó sì rò pé ìkún omi ayé Nóà ni ó gbé púpọ̀ nínú ìkarahun náà gun òkè. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ti fi hàn pé mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ọdún ni iṣẹ́ náà gbà. Ṣùgbọ́n òfin ìpele tí ó fi lélẹ̀ ni wọ́n fi mọ èyí.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí a bá fọ́ àpáta Ìbàdàn, láti Màpó dé Òkè Àrẹ̀mọ, a kì yóò rí fọ́sìlì nínú rẹ̀, nítorí pé ooru àti ìwúwo inú ilẹ̀ ti yí àpáta wa padà láti ohun tí ó ju mílíọ̀nù 500 ọdún lọ. Ṣùgbọ́n kí a kọjá Abẹ́òkúta, kí a kọjú sí ọ̀nà Èkó, a ó dé Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun fún sìmẹ́ǹtì láti nǹkan bí ọdún 1960. Nínú òkúta náà ni ìkarahun ìgbín òkun àti ti àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú òkun mìíràn wà, tí ó ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún. Kí ni èyí ń sọ? Ó ń sọ pé òkun ti bo ibi tí àgbẹ̀ ń gbin ẹ̀gẹ́ sí lónìí. Ní Hahotoé ní ilẹ̀ Tógò, nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń wà fún ajílẹ̀, eyín àkurákudà pọ̀ jọjọ, irú èyí gan-an tí Steensen gbé lọ́wọ́ ní Florence. Ní Ameki ní ilẹ̀ Ìgbò, wọ́n rí egungun ẹran ńlá inú òkun tí a ń pè ní àbùùbùtán, tí a ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé ní ọdún 1920. Ó wà nínú ẹ̀yà àwọn àbùùbùtán ìgbàanì tí kò tí ì jìnnà sí àwọn baba ńlá wọn tí ó fi ẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀. Ta ni ìbá sọ nǹkan wọ̀nyí fún wa, bí kì í bá ṣe òkúta?

Kí a padà sọ́dọ̀ Steensen. Ní ọdún 1667, ní Florence, ó wọ ìjọ Kátólíìkì. Ní ọdún 1675 a fi í joyè àlùfáà, ní ọdún 1677 a sì sọ ọ́ di bíṣọ́ọ̀bù, a rán an lọ sí àríwá ilẹ̀ Jámánì láti tọ́jú àwọn ìjọ tí ó fọ́n ká níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti fi iṣẹ́ òkúta sílẹ̀. Ìwé kékeré tí ó kọ ní ọdún 1669, ìṣáájú ìwé ńlá kan ni ó pè é. Ìwé ńlá náà kò jáde láé. Àdánù ńlá ni èyí fún ìmọ̀, a kò sì lè fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ìwà tí ó fi ń yẹ òkúta wò kò kúrò lára rẹ̀. Ní Münster, nígbà tí ó rí i pé owó wọ inú ọ̀ràn yíyan bíṣọ́ọ̀bù ńlá, kò dijú sí i. Ó fi ìlú náà sílẹ̀ ní ọdún 1683. Ó ta ohun ìní rẹ̀ fún àwọn tálákà, ó ń gbààwẹ̀, ó ń wọ aṣọ gbígbó, títí ara rẹ̀ fi gbẹ. Ó kú ní Schwerin ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1686, ní ọmọ ọdún 48. A gbé òkú rẹ̀ lọ sí Florence, a sì sin ín sínú ìjọ San Lorenzo. Ní ọdún 1988, Póòpù John Paul Kejì kà á mọ́ àwọn Alábùkúnfún.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ kékeré kan yóò mú òkúta wá sí iwájú tábìlì wa, tí yóò sì wí pé bàbá àgbà òun ní láti ọ̀run ni ó ti já. Kí a má ṣe fi bàbá àgbà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù pẹ̀lú wí bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún. Ṣùgbọ́n kí a má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Kí a fi òkúta náà sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà, kí a ní kí ó wò ó dáradára, kí a sì bi í léèrè ibi tí ó ti rí i, ohun tí ó yí i ká, àti èwo ni ó kọ́ le nínú méjèèjì.