Galileo, Jígí àti Ògiri

Bí ẹ bá ń rò ó pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè nínú ọ̀rọ̀ Galileo, ẹ fara balẹ̀, n ó débẹ̀.

Ìlú Pisa ní Ítálì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1564. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olórin, fẹ́ kó di dókítà, ṣùgbọ́n ìṣirò ló gba ọkàn ọmọ. Ó fi yunifásítì sílẹ̀ láìgboyè. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ìyẹn lára rẹ̀.) Síbẹ̀ ó padà di olùkọ́ ìṣirò, ó sì lo ọdún 18 ní Yunifásítì Padua.

Ọdún 1609 ló gbọ́ pé àwọn ará Netherlands ti ṣe awò kan tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Ó ṣe tirẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sí òṣùpá. Òkè àti àfonífojì ló rí. Wàhálà dé, nítorí ohun tí wọ́n ń kọ́ni láti ayé Aristotle ni pé ohun ojú ọ̀run kò lábàwọ́n: òṣùpá gbọ́dọ̀ jọ̀lọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ní dídán tó ń dán bíi jígí ló jẹ́ kó mọ́lẹ̀.

Èsì tó fún wọn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1632 ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé jígí kọ́ ara ògiri tí oòrùn ń pa, kí wọ́n wo èyí tó mọ́lẹ̀ jù. Èmi náà dán an wò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Níbi púpọ̀ tí mo dúró sí, ògiri mọ́lẹ̀, jígí ṣókùnkùn. Ibì kan ṣoṣo ni mo dé tí jígí fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú.

Ojú jígí jọ̀lọ̀, nítorí náà ọ̀nà kan náà ni ìtànṣán oòrùn tó bà á ń gbà padà. Ògiri rí gbágungbàgun, bí ojú wa kò tilẹ̀ rí i. Ojú kéékèèké àìlóǹkà ló wà lára rẹ̀, kálukú kọjú síbi tirẹ̀, kálukú sì ń ju ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ibi yòówù kí èèyàn dúró sí, yóò rí tirẹ̀ gbà. Òṣùpá tún wá rí roboto. Bó bá jẹ́ jígí ni, àmì kékeré kan ni à bá máa rí, ìyókù ìbá ṣókùnkùn.

Ibi tó kàn wá nìyí. Èdè Látìn ló fi kọ ìwé òṣùpá rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1610. Èdè ìlú rẹ̀ ló fi kọ ti 1632, gẹ́gẹ́ bí ìtàkùrọ̀sọ àwọn ọkùnrin mẹ́ta, tí ẹni tí kò gbọ́ Látìn náà lè kà. Lójú tèmi, ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ìwé náà léwu. Ó tún lọ fi àlàyé tí Póòpù Urban VIII, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, fẹ́ràn sí ẹnu Simplicio, ẹni tí wọ́n máa ń borí nínú àríyànjiyàn. Ìyẹn kò bọ́gbọ́n mu rárá.

Ní 1633, Ìjọ Àgùdà pè é lẹ́jọ́ ní Róòmù nítorí pé ó ní ayé ló ń yí oòrùn po. Ẹni ọdún 69 kúnlẹ̀, ó sẹ́ ohun tó kọ. Wọ́n fòfin de ìwé náà, wọ́n sì sé e mọ́lé. Ọdún kejì ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, Maria Celeste, kú. Nígbà tó fi máa di 1638, ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Síbẹ̀ ọdún yẹn ni ìwé rẹ̀ ìkẹyìn jáde ní Leiden. Ó kú ní 1642. Ọdún 1835 ni ìwé jígí àti ògiri tó kúrò lára àwọn ìwé tí Ìjọ kà léèwọ̀.